Ẹni Tó Bá Sọ Ìparí Ni Yóò Fọ Abọ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, àbíkẹ́yìn tó ń ṣe bí àgbà,

Mo kí ọ láti orí àga ìránṣọ mi nínú yàrá iwájú, pẹ̀lú ayọ̀ tí n kò mọ ibi tí mo lè gbé e pamọ́ sí. Mo lérò pé ara rẹ le, pé iṣẹ́ ń lọ déédéé, àti pé o ń jẹun lásìkò, nítorí mo mọ̀ ọ́. Ara tiwa náà le níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Má jẹ́ kí àyà rẹ já pé lẹ́tà ni mo kọ. Mo gbé fóònù láti pè ọ́, àmọ́ ètè mi ń gbọ̀n, mo sì rò ó pé bí o bá gbọ́ ẹkún mi kí o tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, ibi tí ọkàn rẹ yóò sáré lọ kò ní dára. Ìròyìn ayọ̀ ni. Jókòó kí o kà á díẹ̀díẹ̀, má sì fò lọ sí ìsàlẹ̀ ìwé, nítorí ìwọ àti bàbá rẹ, ọ̀kan náà ni yín.

O kò ní gbàgbé bí bàbá rẹ ṣe rí kí àìsàn tó dé. Kò sí fíìmù tí kì í sọ ìparí rẹ̀ kó tó dé ìdajì. Ì báà ti wò ó rí, ì báà má wò ó rí, kò kàn án. Àfi bíi pé imú ló fi ń gbóòórùn ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ṣé o rántí oníbàárà tó dìde lórí àga ní ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun rẹ̀, tó gba ojú títì lọ sílé pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ orí kan ní gígẹ̀, èkejì ní àìgẹ̀, nítorí pé bàbá rẹ ti sọ ẹni tó pa ọ̀gá báńkì nínú fíìmù tí òun àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ lọ wò ní ìrọ̀lẹ́? Ìwọ gan-an lo ṣòfin nígbà tí o wà nílé ìwé girama, tí o kọ ọ́ gàdàgbà mọ́ ògiri ilé ìdáná: ẹni tó bá sọ ìparí ni yóò fọ abọ́. Bàbá rẹ fọ abọ́ nílé yìí débi pé àwọn aládùúgbò rò pé èmi ni mò ń fìyà jẹ ẹ́.

Nígbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ wá gbé e dè, ẹsẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ padà. Ọwọ́ ọ̀tún lọ, ó padà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ló lọ tí kò padà. Dókítà ní ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀, pé ọ̀nà tó ń gbà jáde ló dí, pé ó lè ṣí, ó sì lè má ṣí. Mo mọ̀ pé ìdí nìyẹn tí o fi máa ń tètè dágbére bí mo bá ti gbé fóònù sí i létí. Ìmí rẹ̀ nìkan lo ń gbọ́, ó sì ń dà ọ́ láàmú. N kò bínú sí ọ rárá, èmi tí mò ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ náà máa ń tan rédíò sílẹ̀ lásán kí ilé má baà dákẹ́ jù.

Ìfẹ́ tí a ní sí i sì ni kò jẹ́ kó tètè rí ọ̀nà àbáyọ. Bó bá wo ife, ẹ̀gbọ́n rẹ ti da tíì sínú rẹ̀. Bó bá ṣí ẹnu, mo ti parí gbólóhùn náà fún un, mo tún ti dáhùn. Obìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ọ̀rọ̀ sísọ ní ọsibítù ló là wá lójú. Ó bi bàbá rẹ ní ohun tó jẹ láàárọ̀, mo dáhùn. Ó bi í bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣe é, ẹ̀gbọ́n rẹ dáhùn. Obìnrin náà gbé bírò sílẹ̀, ó wò mí pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní: “Màmá, tí ẹ bá ń bá wọn sọ gbogbo ẹ̀ tán báyìí, kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹnu ṣe?”

Ọ̀rọ̀ náà gún mi bí abẹ́rẹ́ tó ṣìnà wọ ìka, àmọ́ òótọ́ ni. Ó béèrè ohun tí bàbá rẹ fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ lé lórí, mo ní fíìmù ni. Ó ní kí a máa wo fíìmù nígbà náà, kí oníkálùkù sọ èrò rẹ̀ lẹ́yìn tó bá parí, tó bá sì kan bàbá, kí gbogbo ilé pa ẹnu mọ́ kí a dúró. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́, ì báà pẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Èmi ni mo gba yíyàn fíìmù ṣe, mo sì rò pé mo gbọ́n. Mo ní èyí tó bá ti mọ̀ bí ẹni mowó ni yóò fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀, mo bá kó àwọn fíìmù àtijọ́ wa síta, àwọn aláwọ̀ dúdú àti funfun. A wo ti obìnrin tó ń dúró de ọkọ rẹ̀ ológun ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. A wo ti adájọ́ tó dá ọmọ ara rẹ̀ lẹ́bi. Tèmi ni pé kò sí irú fíìmù wọ̀nyẹn mọ́. Kò sí ohun tó ń lé wọn. Èèyàn yóò rọra bọ́ ìbọ̀wọ́ lásán, ìwọ yóò sì ti mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní òun lè sebẹ̀ kó jinná kí ẹnì kan nínú wọn tó ṣílẹ̀kùn tán. Mo ní iná mànàmáná tó ń tún ṣe kiri ló sọ ọ́ di oníwàdùwàdù. Ìyàwó rẹ̀ ní tiẹ̀, orin ló ń wá. Bí fíìmù kò bá ti lórin, kò rí ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é.

Tó bá wá kan bàbá rẹ, a ó dákẹ́. Aago ara ògiri nìkan la ó máa gbọ́. Yóò wo ojú tẹlifíṣọ̀n tí a ti pa, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò mi orí, ó parí. Bí a ṣe ń ṣe é lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ nìyí, títí tí ìrètí fi ń tán lọ́wọ́ mi. Kí n má purọ́ fún ọ, lọ́jọ́ kan mo wọ ilé ìdáná, mo dúró níwájú òfin tí o kọ mọ́ ògiri, mo sì sunkún. Mo ní Olúwa, ẹnu tó máa ń yọ mí lẹ́nu yẹn, ẹ dá a padà, kó wá máa yọ mí lẹ́nu lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ló tú wa sílẹ̀, Ìyá Kékeré, tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Ó ní èmi nìkan ni mo ti ń yan fíìmù, ó kan òun báyìí, pé ó ti sú òun láti máa wo àwọn èèyàn tí kò ní àwọ̀ lára. Kátúùnù ló mú wá. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ṣé èmi àgbàlagbà, kí n jókòó kí ewúrẹ́ máa bá mi sọ̀rọ̀? Ọmọ náà wò mí, ó ní ṣebí ìyá bàbá òun kì í ṣe ojúsàájú. Ó ti mú mi. Mo gbé aṣọ tí mò ń rán sórí itan, mo ní kó tan ewúrẹ́ rẹ̀.

Ọmọ mi, ìtàn náà dára. Ọmọ ewúrẹ́ kan ló fẹ́ fojú kan òkun, àwọn ará ilé rẹ̀ sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ arúgbó kan tó ti ru iyọ̀ láti etí òkun nígbà èwe rẹ̀ ní òun yóò mú un lọ. Àwọn tó ya àwòrán náà mọ iṣẹ́. Iyanrìn yẹn ń yí àwọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ojú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà sì dà bí ojú ẹni tí mo mọ̀. Kò pẹ́ tí mo gbàgbé abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Àfi bí ìjì iyanrìn ṣe dé. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fi orí ti ọmọ ewúrẹ́ sábẹ́ àpáta, afẹ́fẹ́ bo gbogbo ojú fíìmù, nígbà tó sì rọlẹ̀, kò sí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mọ́. Ọmọ ewúrẹ́ pè é títí, kò dáhùn. Ìyá Kékeré ti fi ojú pamọ́ sínú yẹ̀rì mi, ó ń sunkún. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ń sunkún. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní eruku ló kó sí òun lójú, bẹ́ẹ̀ fèrèsé wà ní títì.

Ìgbà náà ni ohùn kan sọ̀rọ̀ láti orí àga ẹ̀yìn, ohùn tó há bí ilẹ̀kùn tí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti tì. Ó ní: “Kò kú.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ dìde, mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo di ṣòkòtò rẹ̀ mú. Mo rántí obìnrin ọsibítù, mo bu ètè ara mi jẹ kí n má baà bá ọkọ mi sọ ọ́. Òógùn bo iwájú orí bàbá rẹ. Mo rí i bí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ṣe ń lọ tó ń bọ̀, bí ẹni ń fa garawa omi láti inú kànga jíjìn. A dúró. Ó sì fà á jáde: “Ó wà... lẹ́yìn òkè. Ó ń bọ̀.”

Ọmọ ewúrẹ́ gun òkè náà. Ẹ wá wo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lódìkejì, iyanrìn dé e lọ́rùn, ó ń jẹ koríko bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, òkun sì tẹ́ rẹrẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo ṣì ṣe. Àwọn fíìmù àtijọ́ tí mò ń kó síwájú rẹ̀, ó ti sọ ìparí gbogbo wọn tán láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Kí ló tún fẹ́ sọ níbẹ̀? Èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì wò rí ni ọ̀rọ̀ ń hún un lẹ́nu sí, nítorí kò lè gbà kí fíìmù ṣáájú òun dé ìparí. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Mo dì mọ́ ọn lórí àga, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, ẹ̀gbọ́n rẹ kúnlẹ̀ gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ìyàwó rẹ̀ ń kọrin tí fíìmù kò kọ.

Ìyá Kékeré nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn. Má gbàgbé pé kò mọ bàbá rẹ sí ẹlẹ́nu. Ìgbà tó gbọ́njú, bàbá àgbà tó dákẹ́ ló bá. Ó dìde sáàárín yàrá pẹ̀lú omijé lójú, ó fi ọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí, gẹ́gẹ́ bí ìwọ ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́. Ó ní: “Bàbá àgbà, ẹ ti sọ ìparí. Ẹ̀yin lẹ máa fọ abọ́.” Àṣé ọmọ náà ti mọ ìwé kà, ó sì ti ka ohun tó wà lára ògiri. Ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ jágbe mọ́ ọn. Mo ní kó fi í sílẹ̀, òfin lòfin.

Bàbá rẹ di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó dìde, ó rìn lọ sí ilé ìdáná. Ó fi abọ́ ti ikùn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níwọ̀n tó lè tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ òsì ń fọ̀ ọ́. Ìyá Kékeré dúró lórí àpótí, ó ń nù ún. Ife kan bọ́, ó fọ́, n kò sì tíì gbọ́ ohun tó fọ́ tí ó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ rántí pé bàbá kò tíì sọ èrò rẹ̀ lórí fíìmù, ó béèrè, a sì dákẹ́ a dúró. Bàbá rẹ kò wẹ̀yìn. Ó ní: “Ó dùn... ju ti ìyá ẹ lọ.” Bí ó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, ìjà ni. Lọ́jọ́ náà mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dùn ju tèmi lọ.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ń yọ. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ o. Nígbà mìíràn ó fẹ́ pe ṣíbí, yóò pè é ní bàtà, inú yóò bí i, yóò tún un pè. Obìnrin ọsibítù pàtẹ́wọ́, ó ní ká máa bá a lọ. Kátúùnù ló kù tí à ń wò báyìí, ewúrẹ́ àti àgùntàn ń bá mi sọ̀rọ̀ níwájú àti lẹ́yìn, mo sì ti gbà.

Nítorí náà, fóònù rẹ yóò dún ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Bàbá rẹ ló ń pè. Kí i, kí o sì dákẹ́. Bó bá pẹ́, má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, má sì dágbére. Ìmí tí o ó máa gbọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ rẹ ló ti ń kọ́ láti àárọ̀ àná.

Ọlọ́run tó la ẹnu bàbá rẹ yóò la gbogbo ọ̀nà fún ọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́. O kò ní gbọ́ ìròyìn tí yóò mú ọ sunkún, àfi irú ẹkún tí mo sun yìí. Ojú wa yóò rí ara wa láìpẹ́ nínú ayọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó bí ọ, ìyàwó ọkùnrin tó ń fọ abọ́.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn: Mo ti ń fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa kí bàbá rẹ tó béèrè ohun tí mo kọ. Mo kà á fún un. Mo wá ṣe àṣìṣe láti sọ fún un nípa fíìmù alápá-púpọ̀ tí o sọ pé ò ń wò díẹ̀díẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, ti ìyàwó tuntun tí wọ́n jí ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀, pé o kò tíì mọ olè náà. Ó rò ó díẹ̀. Ó ní: “Kọ ọ́ sí i. Ìyá ọkọ ni.” Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Má bínú, ọmọ mi. Ó ti wà nídìí abọ́ báyìí.