Ìyá Àgbà Di Ọwọ́ Mi Mú

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ń lọ dáadáa ní Erijiyan níbí. Ara mi yá gágá, mi ò kàn lè jókòó sójú kan ni.

Àìkídò, ìjà àwọn ará Jàpáàn tí mò ń kọ́ lórí fóònù, ó ku díẹ̀ kí n bọ́ ìgbànú funfun, kí n gba yẹ́lò. Ìdánwò rẹ̀ ni pé kí ẹnìkan di ọwọ́ mi mú gírígírí, kí n já a gbà, kí n fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí olùkọ́.

Ta ni màá bẹ̀? Mo bá lọ bá Ìyá Àgbà, onílé mi. Mo fi fóònù ti odó, mo na ọwọ́ sí wọn. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, wọ́n dijú, àdúrà bẹ̀rẹ̀ ní ohùn Èkìtì wọn: "Ẹsẹ̀ rẹ á gbé ọ dé ulé láyọ̀."

Dípò kí n já ọwọ́ gbà, àmín ni mò ń ṣe. Olùkọ́ ní mo féèlì.

Mo tún lọ lánàá. Mo tún lọ lónìí. Mi ò tíì já ọwọ́ náà gbà.

Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Ọláìtán. Tí wọ́n bá ní àárò ilé ń sọ mí, ẹ ní mi ò sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ́tọ́lá yín.