Ohùn Rẹ Ni Màmá Àgbà Ń Bèèrè

Sí Díjéè Buntu, ní Johannesburg,

Èmi ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ rédíò ńlá ni mo kọ̀wé yìí. Mo kí ìwọ, onílé rẹ, àwọn tó ń ráàpù sí orin rẹ àti àwọn tó ń bá ọ gbé ẹ̀rọ. A gbọ́ pé àlàáfíà ni wọ́n wà nílé yín ní Mdantsane. Atẹ́gùn ṣí páànù ilé ìdáná, ajá yín sì ti bímọ.

Ṣùgbọ́n màmá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà kò jẹun mọ́. Ó ń bèèrè rẹ, o ò sì gbé fóònù. Ni ẹnì kan bá ń lọ sẹ́yìn ilé, tó ń fi ohùn rẹ pè é lórí fóònù: "Màmá, eré ló pọ̀ lọ́wọ́ mi." Màmá á máa súre.

Lánàá, ó súre tán, ó ní, "Siviwe, o mọ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe. Òtútù ń mú níta, wọlé. Sọ fún un kó wá kí n tó pajú dé."

Bọ̀dá mi, agbo ijó ò ní tú níwájú yín láé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wálé. Kò sí ọ̀gá rédíò kankan níbí. Lẹ́tà ilé ni ẹ kì í ṣí. Mi ò lè ṣe ohùn yín fún màmá mọ́.

Èmi Siviwe, àbúrò yín.