Wọ́tàmẹ́lọ̀n Tí Mo Nàka Sí

Ìyá Démiládé,

Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìkòsí, mi ò lè jókòó máa wò ó. Wọ́tàmẹ́lọ̀n ẹ̀yìnkùlé ń rà, èmi ni mo sì fà á. Bí mo ṣe rí i láàárọ̀ tó rí rọ̀bọ̀tọ̀, orin gba ẹnu mi: "Ó dé o, èso ìyá mi dé, ẹ yọ̀ fún mi!" Mo ké sí Ìyá Stephanie lórí fẹ́ǹsì kó wá wò ó, mo bá gbàgbé, mo nàka sí i.

Ó pariwo: "Hàà, Màmá! A kì í nàka sí èso orí ìtàkùn, ó máa rà!"

Kíá ni mo gé ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jẹ, títí kan àwọn tí mi ò nà. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nígbà tí mo máa fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀, ó ti rọ̀, omi ń jò.

Kóró mẹ́ta tó kù lọ́wọ́ mi nínú ti ìyá mi, gbogbo rẹ̀ ni mo gbìn. Èyí tó ń rà yìí nìkan ló so.

Má jù ú nù o. Bá mi là á, ọkàn mi ò gbà á. Bí kóró rẹ̀ bá dúdú, fọ̀ ọ́, kí o sá a sójú fèrèsé. Bó bá ṣì funfun, má tíì sọ fún mi. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹun.

Ìyá rẹ