Ẹ Gbé Ẹ̀rọ Yẹn Kúrò Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ibùsùn

Bàbá Adéoyin,

Mo ti lọ sọ́jà Kpankou. Ọbẹ̀ wà nínú ìkòkò, ẹ gbé e kaná fúnra yín.

Àwọn tó fẹ́ fún wa lówó ìrànwọ́ lórí ẹ̀rọ tí a fi ń ṣáájì alùpùpù oníná wá láàárọ̀ yìí. Etí títì ni wọ́n ní kó wà, kí gbogbo onísẹ́mì tó ń fi alùpùpù kérò lè rí i lò. Àṣé nígbà tí mo lọ pọnmi lẹ ti tú u, tẹ́ ẹ gbé e wọlé! Ìyá yín ló sọ fún mi: Gaston àbúrò yín yìn ín, lẹ bá ní ojú ayé ti pọ̀ jù lára rẹ̀. Mo kó àwọn àlejò wọ yàrá wa. Ẹ̀rọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ẹ daṣọ bò ó bí ìyàwó tuntun. Wọ́n bi mí bóyá orí ibùsùn wa làwọn onísẹ́mì á máa jókòó sí. Ojú tì mí!

Wọ́n ń padà bọ̀ lọ́la. Ẹ pe Parfait oníṣẹ́ iná kó wá so ó padà síta. Ẹ má fọwọ́ kan wáyà o.

Bí mo bá dé tó ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀yin àti òun ni kẹ́ ẹ jọ máa sùn. Mo ti kó ìrọ̀rí mi lọ sí yàrá Ìyá.

Ìyá Adéoyin