Òpó Mẹ́rin Lábẹ́ Ilé Ìgbẹ̀bí Otokiti

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Otokiti,
Lọ́kọ́ja,
Ìpínlẹ̀ Kogí.
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Èrèlé, Ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Àbójútó Ilé Ìgbẹ̀bí Tuntun,
Otokiti,
Lọ́kọ́ja.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ DÁ DÍDA DẸ́KÌN ILÉ ÌGBẸ̀BÍ DÚRÓ TÍTÍ A Ó FI YẸ ÀWỌN ÒPÓ RẸ̀ WÒ

Èmi ni Súbérù Iredélé, bíríkìlà, ọmọ Oworo tó ń gbé ní Otokiti. Ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń kọ́lé ní ìlú yìí. Èmi ni olórí àwọn bíríkìlà níbi ilé ìgbẹ̀bí alájà kan tí ẹ ń kọ́ fún wa, títí di ọjọ́ kẹrin oṣù yìí. Mo gbọ́ pé Ọ̀gbẹ́ni Olúṣínà, agbaṣẹ́ṣe yín, sọ fún yín pé mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ogbó ti dé, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n. Ọwọ́ náà ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Ẹ wò ó bóyá ó gbọ̀n.

Òpó mẹ́jọ ló wà nísàlẹ̀ ilé náà. Àwọn ni yóò gbé dẹ́kìn; orí dẹ́kìn sì ni yàrá àwọn aláboyún yóò wà. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Ṣẹ́rẹ́, a fi sìmẹ́ǹtì tí wọ́n kọ 42.5 sára àpò rẹ̀ da mẹ́rin àkọ́kọ́. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè kí n ṣàlàyé, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe iṣẹ́ kan náà ni gbogbo sìmẹ́ǹtì ń ṣe. Èyí tí wọ́n kọ 32.5 sí la fi ń rẹ́ ògiri. Ó rọ̀ lọ́wọ́, ó sì ń jọ̀lọ̀. 42.5 la fi ń da òpó, bíìmù àti dẹ́kìn, torí ohun tó máa gbé ẹrù gbọ́dọ̀ le. Èyí tó tún lágbára jù ú lọ, 52.5, wà fún afárá àti irú iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀. N kò bá ẹni tó ṣe 32.5 jà. Òun ni mo fi rẹ́ ilé tèmi. Ibi tí wọ́n lò ó sí ni mo ń wí.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù yìí, sìmẹ́ǹtì tuntun dé. A fi da òpó karùn-ún àti ìkẹfà láàárọ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Ṣàmsíátù, obìnrin tó ń pọnmi fún wa, tó sì máa ń kó àpò òfìfo lọ tà lọ́jà Kpata, mú àpò kan wá bá mi. Ó ní: “Bàbá, nọ́ńbà ara àpò òní yàtọ̀ sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.” Mo wò ó. 32.5 ni.

Mo dá iṣẹ́ dúró, mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Olúṣínà. Mo ní kí ó jẹ́ kí a wó òpó méjèèjì kí wọ́n tó gan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Sìmẹ́ǹtì ni gbogbo wọn ń jẹ́. Tí a bá rẹ́ ẹ tán, ta ló máa mọ̀?” Mo fèsì pé èmi á mọ̀. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, bíríkìlà mìíràn ti ń da ìkeje àti ìkẹjọ, àpò 32.5 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí n kó irinṣẹ́ mi.

Ohun kan wà tí Ọ̀gbẹ́ni Olúṣínà kò parọ́ rẹ̀: ojú lásán kò lè rí ìyàtọ̀. Òpó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jọra lónìí, kò sí èyí tó sán. Ṣùgbọ́n tí dẹ́kìn bá gorí wọn, tí ibùsùn, tánkì omi àti èèyàn tún gorí dẹ́kìn, mẹ́rin nínú wọn kò ní ní agbára tí a wéwèé fún wọn. Lọ́dún 2022, omi Ọya wọ ilé kan tí mo kọ́ ní Kpata, kò sì fà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ilé náà wà níbẹ̀ dòní. Mo mọ ohun tó ń mú ilé dúró.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ara mi náà. Ọwọ́ mi ni mo fi da òpó karùn-ún àti ìkẹfà. Ó yẹ kí n wo àpò kí a tó po sìmẹ́ǹtì, n kò wò ó. Ẹ̀bi mi nìyẹn, n kò ní dì í ru ẹlòmíràn.

Wọ́n ti fi dída dẹ́kìn sí ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí. Mo bẹ̀ yín kí ẹ dá a dúró, kí ẹ sì rán ẹnjiníà tí kì í ṣe ti agbaṣẹ́ṣe wá, kí ó fi ẹ̀rọ dán àwọn òpó náà wò. Èyí tí kò bá yege, kí a wó o. Àpò òfìfo mọ́kànlá tí wọ́n kọ 32.5 sí wà lọ́wọ́ Ṣàmsíátù tí kò tíì tà. Ó ṣe tán láti kó wọn wá síwájú yín. Mo kìlọ̀ fún un pé wọ́n lè lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kí n kọ orúkọ òun síbẹ̀, nítorí ilé ìgbẹ̀bí yẹn lòun fẹ́ bí ọmọ inú òun sí.

N kò béèrè pé kí ẹ dá mi padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ wó òpó karùn-ún àti ìkẹfà, ẹ ránṣẹ́ pè mí. Èmi fúnra mi ni yóò gbé hámà.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Súbérù Iredélé,
Bíríkìlà Àgbà.