Kọfí Ọjọ́ Ìbò

Màámi,

Òtútù New York kò rí mi gbé ṣe. Kúbùsù tí ẹ dì fún mi ń ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àpéjọ àgbáyé fẹ́ dìbò lórí orílẹ̀-èdè ńlá kan tó gba ilẹ̀ aládùúgbò rẹ̀ kékeré. Òfin àgbáyé ní èèwọ̀ ni. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè ńlá yìí ló ń la títì fún orílẹ̀-èdè wa, ni ọ̀gá mi, Ntate Mphutlane, bá pè mí.

"Tlotliso, tí ìbò bá kù díẹ̀, lọ mu kọfí."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ún tán ni, ọ̀gá."

"Mu òmíràn. Ẹni kékeré kì í sí nílé lọ́jọ́ ìbò."

Mo lọ lóòótọ́. Mo bá aṣojú orílẹ̀-èdè kéékèèké mẹ́sàn-án níbi kọfí; òùngbẹ ò gbẹ ẹnì kankan nínú wọn. Mo wá rántí ìgbà tí Sekhobe olówó màlúù sún òkúta ààlà oko yín, tí baálẹ̀ ń béèrè ẹni tó rí i. Gbogbo abúlé ló ní àwọn lọ pọnmi lọ́jọ́ náà.

Mo padà sórí àga orílẹ̀-èdè wa, mo sì dìbò pé kí wọ́n dá ilẹ̀ náà padà.

Ọ̀gá ní kí n wálé wá sinmi. Wọ́n láájò mi gan-an, wọ́n ti bá mi di ẹrù. Ó dára bẹ́ẹ̀, n ó bá yín kórè àgbàdo.

Ẹ bá mi kí gbogbo abúlé, pàápàá àwọn tó lọ pọnmi.

Ọmọ yín,
Tlotliso