Wọ́n Fẹ́ Fi Ẹ̀jẹ̀ Èmi Oníjà Ṣe Oògùn

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o sì ń jẹun yó? Olúwa á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Gbogbo ilé ń kí ọ. Àwa náà wà, àfi orúnkún mi tó wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi, tí mi ò lè fẹsẹ̀ wa máṣíìnì ìránṣọ mọ́, aṣọ àwọn oníbàárà sì ti ga ju orí mi lọ.

Dókítà obìnrin kan ní ọsibítù ní àwọn ń ṣèwádìí oògùn tuntun kan tó ń mú wíwú rọlẹ̀, pé inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ làwọn ti ń yọ ọ́. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ mi, ẹ̀rọ á máa yí i, omi tó bá yọ sókè ni wọ́n á gún sí orúnkún mi. Ọmọ mi, àyà mi já. Kí ló fẹ́ mú nǹkan rọlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ èmi tí mo máa ń bá adìẹ jà? Mo ní kí wọ́n fa ti bàbá rẹ, ẹni jẹ́jẹ́, wọ́n ní rárá, tèmi ni dandan.

Ni mo bá ní n óò tu ẹ̀jẹ̀ náà lójú kọ́jọ́ tó pé, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Àbúrò bàbá rẹ obìnrin wọ bàtà mi tuntun jáde, mo rẹ́rìn-ín. Ó dá a padà, gìgísẹ̀ kan ti já, mo ní ó ṣeun. Kàkà kí àwọn ará ilé yìn mí, ṣe ni wọ́n ń wò mí tàánú-tàánú. Bàbá rẹ bi mí bóyá dókítà ti sọ nǹkan tí mò ń fi pa mọ́ fóun.

Ọjọ́ pé, mo rí abẹ́rẹ́, mo sì jágbe mọ́ dókítà débi pé ẹni tó ń gbálẹ̀ sá jáde. Nígbà tí ẹ̀rọ ń yí ẹ̀jẹ̀ náà, mo di àga mú kí òòyì má baà kọ́ mi, mò ń sunkún pé mo ti ba oògùn jẹ́. Dókítà jókòó tì mí, ó ní, "Màmá, ìbínú yín ò sí nínú ìgò yìí." Ṣùgbọ́n ó lóun ò lè búra pé yóò ṣiṣẹ́, àwọn ṣì ń dán an wò ni. Ìyẹn ló ń já mi láyà báyìí, nítorí máṣíìnì ìránṣọ mi ló ń bọ́ àwọn àbúrò rẹ.

Láti ìgbà tí wọ́n ti gún omi náà sí i, mò ń fi téèpù wọn orúnkún náà láràárọ̀, ó sì ń kéré sí i. Àmọ́ mi ò ní parọ́ fún ọ, mo máa ń fa téèpù náà le.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni abẹ́rẹ́ kejì. Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Bí àyè bá wà, fi owó náà wọkọ̀ wá fúnra rẹ, kí o wá bá mi wọ̀n ọ́n, kó o sì sọ òótọ́ fún mi. Ọ̀nà rẹ á là, ọmọ mi, ẹsẹ̀ rẹ kò ní dùn ọ́ láé.

Èmi ni, ìyá rẹ tó ń tiro.